Ọwọ́ Ọ̀gá Mi Ń Gbọ̀n, Èmi Ni Mo Lọ Sọ

Ọkùnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo tà. Mo ti wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju ìyẹn lọ fún ohun tí mo ṣe, mi ò rí.

Isobe Tamie ni orúkọ mi. Ayàwòrán ni mí nígbà kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún á rántí Dorubena, eré àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n máa ń gbé jáde ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìhunṣọ já sí ilẹ̀ àwọn iwin, ó bá àwọn jagunjagun onírin pàdé níbẹ̀, òmìrán tó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ, tí ẹ̀mí àwọn igi àtijọ́ ń gbé inú wọn; Dorubena ni orúkọ olórí wọn. Ọdún 1984 ni apá kìíní bẹ̀rẹ̀. Kò sí ilé ọlọ́mọ kan ní Tokyo tí ohun ìṣeré irin wọ̀nyẹn ò dúró sórí tábìlì ìjẹun.

Kurosu Teiji ló ya gbogbo òmìrán náà. Òun ni ọ̀gá mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà yẹn, èmi nìkan sì ni ọmọ iṣẹ́ tó gbà. Yàrá òkè ilé rẹ̀ ní Ogikubo la ti ń ṣiṣẹ́. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń yan bisikíìtì ìrẹsì ló wà nísàlẹ̀, gbogbo aṣọ mi ló ń rùn bisikíìtì.

Ọ̀gá kì í yin èèyàn. Tí iṣẹ́ mi bá dáa, á ní, "Gbé e síbẹ̀." Tí kò bá dáa, á ní, "Tamie, ṣé ìwọ lo ya èyí ni, àbí ológbò onísọ̀ ìsàlẹ̀ ló rìn kọjá lórí rẹ̀?" Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé ìkórìíra ló ti mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Wá fa ìlà yìí fún mi."

Mo wo bébà náà. "Ojú Dorubena fúnra rẹ̀, Ọ̀gá? Èmi kẹ̀?"

"Ṣé o rí ojú ẹlòmíì lórí tábìlì ni?"

Mo fà á. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ̀rọ̀ ológbò. Ó kàn yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé e síwájú mi. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n bí ìdérí ìkòkò tí omi ń hó nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Dókítà ní kò ní san," ó ní. "Á máa le sí i ni. Àwa mẹ́ta ló mọ̀ báyìí. Èmi, Fumino, àti ìwọ."

Fumino ni ìyàwó rẹ̀. Òun náà ti gbé tíì wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá," mo ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ kọ́ ni mo ń wá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré yìí ò tíì fọwọ́ sí ìwé apá kejì. Tí wọ́n bá gbọ́ nísinsìnyí, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé e fún. Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i ná. Èmi fúnra mi á wá sọ fún wọn, màá sì ní kí wọ́n kọ orúkọ tìẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi."

Ìyàwó rẹ̀ gbé tíì kalẹ̀. "Ẹ ò ṣe fi í sílẹ̀ pátápátá?" ó ní. "Ẹ jẹ́ ká padà sí Nagano, ká máa gbin èso ápù bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n yín. Mo ti sọ ọ́ títí, ẹnu ń ro mí."

"Ápù wo? Fumino, máa lọ sísàlẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń ya Dorubena. Ọ̀gá á jókòó tì mí, á máa fẹnu sọ ọ́: "Èjìká yẹn wúwo jù. Irin ni, kì í ṣe òkúta. Jẹ́ kó mí." Ọwọ́ mi ń ṣe é, ojú rẹ̀ ń darí rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bá ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, màá rí Kurosu Teiji gàdàgbà. Tèmi á wà nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín àwọn tó ń kun àwọ̀.

Ṣé ẹ rí i, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 1985, bí apá kìíní ṣe ń parí lọ, Ọ̀gá gbé páálí kan fún mi. Àwọn òmìrán apá kejì ló wà nínú rẹ̀. Òkun Eérú ni wọ́n fẹ́ pe apá náà, òkun tó jóná, tí àwọn jagunjagun tuntun yóò ti inú rẹ̀ dìde, onírin tó ní ìwo, tí eérú ń dà lára wọn bí òjò. Ó ti ya àwọn kan kí àìsàn tó dé. Àwọn yòókù, ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló fi yà wọ́n, àwọn ìlà náà ń rìn ségesège. Síbẹ̀, nígbà tí mo ṣí i nílé, mo jókòó sílẹ̀. Mi ò rí ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Gbé e lọ sílé, kó o máa wò ó," ó ti sọ fún mi. "Má tíì fa ìlà kankan. Mi ò tíì mọ bí orúnkún wọn ṣe máa ká."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Yasuoka pè mí.

Yasuoka ni ọ̀gá tó ń darí ètò eré wa nílé-iṣẹ́. Aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́, ẹnu rẹ̀ dùn, gbogbo èèyàn sì ni àbúrò rẹ̀. Ó mú mi lọ sí ilé kọfí kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, ó ní kí wọ́n gbé búrẹ́dì yíyan oníbọ́tà wá fún mi, èyí tó nípọn bí ìrọ̀rí.

"Tamie, àbúrò mi, jẹun. O ti gbẹ." Ó tan sìgá. "Mo lójú o. Ìlà tí mò ń rí láti oṣù mẹ́jọ yìí, kì í ṣe ìlà àgbàlagbà."

"Ọ̀gá ló ń yà á."

"Ọ̀gá ló ń yà á," ó sín mi jẹ. "Ó dáa. Kí ló dé tí kì í fi bọ èèyàn lọ́wọ́ mọ́? Kí ló dé tó fi ń fọwọ́ sápò níbi ìpàdé bí ẹni tó jí ẹyin?"

Mo bu búrẹ́dì jẹ.

"Wò ó," ó ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré fẹ́ ogójì àwòrán kí òjò oṣù kẹfà tó dá. Tí a ò bá rí i fún wọn, wọ́n á gbé owó wọn lọ síbòmíì, gbogbo wa á sì tú ká. Ọgọ́rin èèyàn. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Tí àgbà bá ń ṣàìsàn, ta ló ń ṣe lóore tó bá ń bò ó mọ́lẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ lọ bi í."

"Ìwọ ni mò ń bi. Ẹni tó bá ya apá kejì, orúkọ rẹ̀ nìkan ló máa gòkè. Kò ní sí nísàlẹ̀ láàárín àwọn tó ń kun àwọ̀. Gàdàgbà, òun nìkan." Ó wò mí. "Ṣùgbọ́n o ò lè fi ọwọ́ òfìfo wá o. Ṣé o ní nǹkan tìẹ nílẹ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìdáhùn méjì ló wà lẹ́nu mi. Èyí àkọ́kọ́ ni, "Rárá o, Ọ̀gá ló ni gbogbo rẹ̀, ẹ fún un lóṣù mẹ́ta sí i." Ó ti dé eyín mi. Mo sì rántí pé ó ti ṣèlérí láti kọ orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ní, ẹ̀gbẹ́ kẹ̀? Títí dìgbà wo lo máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́?

"Mo ní," ni mo sọ.

"Ọwọ́ Ọ̀gá ńkọ́?"

"Ó ń gbọ̀n. Kò lè fa ìlà mọ́."

Yasuoka tẹ sìgá rẹ̀ pa. "O ṣeun. Jẹ búrẹ́dì rẹ."

Mo rò pé wọ́n á lọ bá a nílé, wọ́n á bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n pe gbogbo wa sí ìpàdé. Àwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré wà níbẹ̀, ọkùnrin mẹ́fà tó wọ kóòtù. Pátákó funfun ńlá kan wà níwájú. Yasuoka dìde, ó tẹrí ba, ó na kálàmù dúdú sí Ọ̀gá.

"Ọ̀gá wa, àwọn àlejò wa bẹ̀ yín. Ẹ bá wọn ya ojú Dorubena sórí pátákó. Eré lásán ni."

Ọ̀gá wo kálàmù náà. Ó wo Yasuoka. Ó dìde, ó gbà á, ó lọ síwájú pátákó.

Ìlà àkọ́kọ́ jáde bí ọ̀nà tí ekòló gbà kọjá. Ó dúró. Ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ó tún fà á. Ẹnì kan wúkọ́. Ọ̀gá fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ dé orí kálàmù náà padà, kò bá a. Ó tún gbìyànjú, kò bá a. Ìgbà kẹta ló tó wọlé, gbogbo wa sì jókòó, à ń wò ó.

Ó yíjú padà, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tó sọ ọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti ń wo inú ife tíì mi.

"Mo dúpẹ́," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́ kejì ló fóònù mi. "Tamie, mú páálí yẹn wá fún mi."

Mo ti gbé ìdajì inú rẹ̀ lọ fún Yasuoka. "Ọ̀gá, ẹ má bínú," mo ní. "Omi ilé tó wà lókè mi ló ya lu yàrá mi. Gbogbo rẹ̀ ló rin. Tàdáwà ti ṣàn dànù."

"Kò burú," ó ní. "Kò tíì pé tẹ́lẹ̀." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Òkun Eérú bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1986. Ẹ ò nílò kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Àwọn jagunjagun oníwo dìde nínú eérú, gbogbo ìlú sì dìde pẹ̀lú wọn. Orúkọ mi gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n, gàdàgbà, òun nìkan. Ìyá mi ní Tottori pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Ó ní ẹni àádọ́rin ọdún kan sunkún.

Èmi ń dúró de Ọ̀gá. Sátidé àkọ́kọ́, mo rò pé fóònù máa dún. Kò dún. Sátidé kejì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dájú pé ó ti rí i. Èèyàn kì í rí ọmọ bíbí inú rẹ̀ lójú pópó kó má mọ̀ ọ́n. Kí ló wá dé tí kò sọ̀rọ̀? Èmi fúnra mi dá ara mi lóhùn: ẹ̀rí wo ló ní? Páálí wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè yà á mọ́. Tó bá pariwo, wọ́n á ní owú ló ń jẹ aláìsàn.

Mo máa ń sọ èyí fún ara mi bí ẹni tó ń jẹ oògùn, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Obìnrin oníwèé-ìròyìn kan tó ń jẹ́ Hozumi wá fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ó bèèrè ibi tí mo ti rí àwọn oníwo náà. Mo lè ní mo kàn rò ó ni. Ṣùgbọ́n irọ́ máa ń fẹ́ aṣọ. Mo ní oṣù kẹfà ọdún 1985 ni, nígbà tí ooru mú, ibà dá mi dùbúlẹ̀ nílé ìyá mi àgbà, mo lá àlá òkun kan tó kún fún eérú, àwọn irin sì ń rìn jáde nínú rẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ mi. Hozumi kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. Ó di ohun tí gbogbo olólùfẹ́ eré náà mọ̀ lórí. Àwọn kan tiẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí mi láti bèèrè irú oúnjẹ tí mo jẹ kí n tó sùn.

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n ṣètò ìpàdé èmi àtàwọn olólùfẹ́ Dorubena ní àjà òkè ilé ìtajà ńlá kan ní Ikebukuro. Ọ̀sán gangan ni. Ìlà èèyàn gùn dé orí àtẹ̀gùn. Yasuoka dúró lẹ́yìn mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Hozumi jókòó lápá ọ̀tún mi pẹ̀lú rẹ́kọ́dà rẹ̀. Èmi ń fọwọ́ síwèé, mò ń bọ èèyàn lọ́wọ́, mò ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan dé iwájú mi, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ìka rẹ̀ kún fún ojú ọgbẹ́ kéékèèké.

"Orihara Kinue ni mò ń jẹ́," ó ní. "Hachinohe ni mo ti wá. Ẹja ni mò ń là nílé-iṣẹ́ ẹja inú agolo, ẹ má wo ọwọ́ mi. Láti àná ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin."

"Ẹ kú ìrìn o," mo ní. "Ẹ kú àárẹ̀."

"Inú mi dùn débi pé ń ò lè jẹun." Ó ń ṣí báàgì rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mú ìwé wá. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí. Mo ti kọ̀wé sí Ọ̀gá Kurosu nígbà apá kìíní, wọ́n sì fi káàdì ọdún tuntun dá mi lóhùn. Àwọn fúnra wọn!"

Ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi.

Ní Japan, a máa ń fi ẹranko pe ọdún, ọdún màlúù sì ni 1985. Orí káàdì náà, ọ̀gá mi ti ya jagunjagun oníwo kan tó ń dìde nínú òkun eérú. Àwọn ìlà náà ń gbọ̀n. Mo mọ gbígbọ̀n yẹn. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà kọ ọ́ pé: "Ìwo màlúù fún ọdún màlúù. Ẹni yìí máa jáde nínú òkun ní apá kejì. Mi ò tíì rí orúnkún rẹ̀ tò. Bá mi pa á mọ́."

Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ wà ní igun rẹ̀, pupa: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní.

"Mo pa á mọ́ lóòótọ́ o," Kinue ń sọ. "Ìyá mi gan-an ò rí i. Ìgbà tí mo wá rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, mo pariwo! Mo ní, ó ti jáde, mo ti lè sọ̀rọ̀ báyìí. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ yà á ni? Ẹ fọwọ́ sí i níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn."

Kálàmù wà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ náà kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn.

Hozumi ti na ọrùn. "Ẹ jẹ́ kí n rí i." Ó kà á. Ó yí i padà, ó wo òǹtẹ̀. Ó tún yí i padà. "Arábìnrin Isobe," ó ní jẹ́jẹ́, "ìgbà wo lẹ ní ẹ lá àlá yẹn?"

Mo fi ìdérí dé kálàmù náà.

"Oṣù kẹfà ọdún 1985 lẹ sọ fún mi. Mo ní i nínú rẹ́kọ́dà. Oṣù kìíní ni èyí."

Àwọn tó wà lórí ìlà ti ń súnmọ́ iwájú. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Kí ló dé?" Ẹlòmíì ní, "Wọ́n ní ẹlòmíì ló yà á." Mo yíjú wo Yasuoka. Ó ti fi ẹsẹ̀ méjì sún sẹ́yìn, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Ìwọ lo sọ fún mi pé tìẹ ni," ó ní, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Tamie, ṣé ìwọ kọ́ lo ní tìẹ ni?"

Kinue ń wò mí, ó ń wò ó. Ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀. "Ṣé mo ṣe ohun tí kò dáa ni?" ó ní. Ó wá yé e. Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọgbẹ́, ó fa káàdì náà kúrò níwájú mi, ó fi háńkáṣíìfù nù ún níbi tí ìka mi ti kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má fọwọ́ sí i mọ́."

Wọ́n tẹ káàdì náà sínú ìwé ìròyìn ní oṣù tó tẹ̀lé e, gbogbo ojú ìwé kan. Ilé-iṣẹ́ ní kí n má wá mọ́. Ìyá mi dẹ́kun jíjáde lọ ra ẹja. Eérú ń tọ ẹni tó dà á, ṣùgbọ́n kì í tọ òun nìkan, àwọn ará ilé rẹ̀ náà á fọ́jú.

Mo gbé páálí náà, mo lọ sí Ogikubo.

Ìyàwó Ọ̀gá ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Kò sọ pé kí n wọlé, kò sọ pé kí n má wọlé. Ọ̀gá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ ìborùn wà lórí itan rẹ̀, ara rẹ̀ ti le gbagidi. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí.

Mo kúnlẹ̀, mo fi iwájú orí kanlẹ̀. Mo gbé páálí náà síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, omi ò ya lù ú."

"Mo mọ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "Ṣí i." Mo ṣí i. "Orúnkún. Ta ló tò ó?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Kò dáa. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ bó o ṣe máa ṣe é fún ọ." Ó sinmi. "Àwòrán ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ pátákó yẹn. Ta ló sọ fún wọn nípa ọwọ́ mi?"

Ìbéèrè náà ò yé mi. Mo rò pé ó ti mọ̀ tipẹ́.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo sọ fún Yasuoka, nílé kọfí."

Nǹkan kan dún lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé àwo tíì kalẹ̀.

Ọ̀gá yí ojú sí i. Ó pẹ́ kí ó tó yí ọrùn débẹ̀. "Fumino," ó ní.

Obìnrin náà ń to àwọn ife sórí àwo.

"Fumino, mo rò pé..."

"Mo mọ ohun tí ẹ rò," ó ní. "Ẹ rò pé èmi ni mo sọ ọ́. Ọdún kan àti oṣù márùn-ún. Ẹ ò bá mi jẹun pọ̀. Ẹ ní kí n máa gbé oúnjẹ yín sílẹ̀, kí n máa lọ. Mo búra fún yín. Mo fi orúkọ ìyá mi búra. Ẹ ní, àwa mẹ́ta ló mọ̀, ọmọ mi Tamie ò lè ṣe é, ìwọ lo fẹ́ lọ gbin ápù."

Ó wọ ilé ìdáná lọ. A gbọ́ tó ṣí omi ẹ̀rọ. Omi náà ń ya, ó ń ya, kò sẹ́ni tó ń fọ nǹkan kan níbẹ̀.

Omijé ń ṣàn lójú Ọ̀gá. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè gòkè nù ún. Mo fẹ́ nù ún fún un, mo na ọwọ́.

"Jáde nílé mi," ó ní.

Ó kú ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, bí yìnyín ṣe ń bọ́. Mo lọ síbi ìsìnkú. Mi ò wọlé, mo dúró sítòsí ìsọ̀ bisikíìtì. Mo fi àpòòwé owó ìbánikẹ́dùn rán aládùúgbò kan. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àpòòwé náà padà wá sílé mi nínú lẹ́tà. Wọn ò ṣí i.

Ní báyìí, àwòrán inú ìwé ìlò ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mò ń yà ní Saitama, ibi tí bọ́tìnì wà, ibi tí omi ń gbà. Wọ́n ti ṣe apá kẹta Dorubena, wọ́n tún ṣe ẹ̀kẹrin, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ló ń yà á. Mi ò wò ó rí.

Àwọn kan nínú yín á ní ipò mi ò dọ́gba pẹ̀lú ti Yasuoka, pé òun ló fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi: tó bá ti di pé ẹ jókòó níwájú ẹnì kan tó ń fi oúnjẹ lọ̀ yín tó ń bèèrè àṣírí ẹlòmíì, ẹ dìde. Ẹ má dúró rò ó. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo sọ níbẹ̀. Mo rò pé ọ̀gá mi nìkan ló máa bá. Mi ò mọ̀ pé ó ń lọ bá obìnrin kan tó ń gbé tíì wọlé, tí kò ṣẹ̀ mí rí.

Ọdún méje lẹ́yìn ìsìnkú, mo pàdé ìyàwó Ọ̀gá ní ibùdókọ̀ ojú irin Shinjuku. Orí rẹ̀ ti funfun. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo tẹrí ba níwájú rẹ̀ láàárín èrò.

"Màmá, ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá..."

Ó dúró. Ó wò mí bí ẹni tó ń rántí orúkọ àdúgbò kan tó ti gbé rí.

"Tamie," ó ní, "mi ò bínú sí ọ mọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n tó o bá tún rí mi, má kí mi."

Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Mi ò kí i.